Alága Tó Fi Ọdún Kan Díwọ̀n Ohun Gbogbo

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ní báyìí ẹ̀rín ló ń pa mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ̀rín má baà gba ẹnu mi.

Ní Ìbídò, nínú ìlú Ṣàgámù, ilé ńlá kan wà tí àwọn oníṣòwò obì ń kó obì wọn pamọ́ sí. Páànù rẹ̀ ti pọ́n, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ò dúró dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ nípọn, inú rẹ̀ sì tutù minimini láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ìtutù yẹn gan-an ni obì ń fẹ́. Kì í ṣe àwọn olóbì ló ni ilé náà o. Ẹbí kan ní Ìjokù ló ni ín, owó ilé ni wọ́n ń san. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹbí náà ní àwọn fẹ́ tà á, tilé tilẹ̀, mílíọ̀nù méjìdínláàádọ́ta náírà. Wọ́n ní àwọn á dúró de àwọn olóbì di ìparí oṣù kẹta. Tí owó ò bá dé nígbà náà, ọkùnrin kan láti Ògìjó tó ń ta irin ti ń fi ẹsẹ̀ kan dúró. Yóò wó ilé náà, yóò sì kó irin síbẹ̀.

Ọlọ́run sì ṣe é, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olóbì ti ń tu owó jọ fún ọdún mẹ́sàn-án nítorí ọjọ́ yìí. Owó ti pé. Kí ló wá kù? Kí wọ́n san owó, kí wọ́n gba ìwé, kí kálukú padà sídìí obì rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní alága.

Alhaji Fàrúkù Afọláyan ni alága náà ń jẹ́. Ilé ìjọba ìbílẹ̀ ló ti fẹ̀yìn tì, níbi tó ti ń pín bírò àti ìwé fún àwọn òṣìṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá ti gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀ rí mọ irú ẹni tí mò ń sọ. Ó máa ń bi èèyàn pé kí ló fi ti àná kọ.

Kó tó jókòó nípàdé, Táyé tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ á kọ́kọ́ ka oyè rẹ̀. "Alága Gíga! Ọ̀pómúléró Àwọn Olóbì! Atọ́nà Ìdàgbàsókè! Ẹni-a-rí-tí-ara-tù-wá!" Oyè mẹ́tàlá ni, ọba kankan ò sì fi í jẹ ọ̀kan níbẹ̀. Táyé ló fi méje jẹ, òun fúnra rẹ̀ ló fi mẹ́fà tó kù jẹ. Tí wọ́n bá kà á tán, gbogbo ilé á dìde, wọ́n á ní "Kára ó le o!" lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà náà ni yóò wá rọra jókòó sórí àga tí wọ́n ti fi pákó méjì gbé sókè kí orí rẹ̀ lè ga ju tàwọn tó kù lọ. Táyé á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sì máa gbe ọ̀rọ̀ tó bá kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀. Alága á ní, "Ohun tí à ń wá ni ìlọsíwájú." Táyé á ní, "Ìlọsíwájú o!" Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ó tún ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ obì nígbà tí òun bá ń sọ̀rọ̀, torí ìró ẹnu wọn ń da òun láàmú. Ẹ gbà mí o! Ẹgbẹ́ olóbì ni mo ní mò ń sọ.

Èyí tó wá ba gbogbo nǹkan jẹ́ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan tó lọ ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì kan l'Ékòó lórí bí wọ́n ṣe ń ra ìpín nínú iléeṣẹ́ ńláńlá. Ọjọ́ kan péré. Wọ́n fún un ní ìrẹsì àti adìyẹ, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì fi káàdì orúkọ kọ́ ọ lọ́rùn. Káàdì yẹn ò kúrò lọ́rùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí Jímọ̀. Ó wọ̀ ọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń sìnkú. Ìyàwó rẹ̀ ní ó wọ̀ ọ́ sùn, mi ò sí níbẹ̀, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mò ń sọ fún yín.

Nígbà tí ìpàdé oṣù kìíní dé, tí wọ́n ka oyè tán, Alága dìde, ó da agbádá rẹ̀ sí èjìká ọ̀tún, ó tún dà á sí òsì, ó wúkọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ mi," ó ní, "ẹ̀yin tí orí yín dára débi pé èmi ni alága yín! Mo ti rí ọ̀nà. Kì í ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà ọlọ́kọ̀, ọ̀nà ọlà ni mo rí!"

"Mo rí o!" Táyé ní.

"Iléeṣẹ́ epo rọ̀bì kan wà tó ń jẹ́ Ìmọ́lẹ̀ Òkun. Ẹyọ ìpín kan nínú rẹ̀, àádọ́rùn-ún náírà ni wọ́n ń tà á. Èrè tó sì jẹ lórí ẹyọ kan lọ́dún tó kọjá, ọgbọ̀n náírà! Ọgbọ̀n lọ́nà mẹ́ta, kí ni?"

"Àádọ́rùn-ún!" gbogbo ilé dáhùn.

"Ọdún mẹ́ta péré, èrè rẹ̀ á ti tó iye tí ẹ rà á! Àwọn tí ò lajú ń pe èyí ní ọjà. Èmi pè é ní ọ̀fẹ́. Ẹ wá fẹ́ kí n kó mílíọ̀nù méjìdínláàádọ́ta fún ẹbí kan torí yẹ̀ẹ̀pẹ̀? Yẹ̀ẹ̀pẹ̀ ń jèrè ni? Kí a kó gbogbo owó náà sínú Ìmọ́lẹ̀ Òkun. Láàárín oṣù méjì, á di ìlọ́po méjì. A ó ra ilẹ̀ náà, a ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀, a ó sì kọ orúkọ ẹnì kan gàdàgbà gadagba síwájú rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹni náà."

"Afọláyan!" Táyé pariwo.

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o," Alága ní, ó sì jókòó.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ má bínú sí wọn. Èèyàn tó bá ti jókòó gbọ́ oyè mẹ́tàlá láì fẹnu kan obì, ohunkóhun tó bá ti lè parí ìpàdé ni yóò pàtẹ́wọ́ fún.

Ẹnì kan ò pàtẹ́wọ́. Alhaja Sàdíátù ni, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tó ti ń ra èso obì lórí igi lọ́wọ́ àwọn olóko láti ìgbà tí Táyé ò tíì mọ bàtà wọ̀. Ó na ọwọ́ sókè.

"Alága, ẹ má bínú sí mi. Ọdún mélòó lẹ fi wo èrè àwọn ará yìí?"

"Ọdún tó kọjá, Alhaja."

"Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn ti kọjá."

"Èyí tí ẹ wò náà ṣáà ti kọjá."

Ẹ̀rín sọ lẹ́yìn, wọ́n sì tètè gbé e mì. Alhaja ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Alága, ọdún kẹtàdínlógójì rèé tí mo ti wà lẹ́nu òwò yìí. Tí olóko bá ní kí n wá ra èso oko òun fún ọdún mélòó kan, mi ò kì í bi í pé kí ló ká lọ́dún tó kọjá. Ìkórè ọdún mẹ́wàá ni mo máa ń béèrè, lọ́wọ́ òun àti lọ́wọ́ ẹni tí oko wọn pààlà. Igi obì a máa so lọ́dún kan bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, a sì fi ọdún kan tàbí méjì sinmi. Ẹni tó bá fi ọdún tó so yẹn nìkan ra oko, ẹkún ló rà. Epo náà, ṣé kì í sinmi ni?"

Alága fi ẹ̀rín àánú wò ó. "Alhaja, obì wà lórí igi. Epo rọ̀bì wà lábẹ́ òkun. Ojú yín ò lè tó o."

"Ojú tiyín tó o ni?"

Háà! Alága dìde fùú, ó gbàgbé pé orí pákó lòun wà, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfin lójú ẹsẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, nínú ẹgbẹ́ àwọn, èrè ọdún tó kọjá nìkan ni wọn yóò máa fi díwọ̀n ohunkóhun láyé yìí, ìgbà mẹ́ta rẹ̀ sì ni iye tó tọ́. Ó ní Òfin Afọláyan ni òfin náà yóò máa jẹ́. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe "ọdún mẹ́wàá" nípàdé mọ́, ọ̀rọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì ni. Ó bu ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lé Alhaja lórí fún ìbéèrè tí kò ní ẹ̀kọ́. Táyé kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ Òfin Afọláyan.

Èmi tí mò ń sọ̀tàn yìí, tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò bá ti sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i lọ́jọ́ náà. Alhaja Sàdíátù gbọ́n jù mí lọ. Ó sanwó, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó sì lọ jókòó sí igun rẹ̀ nínú ilé obì. Ibẹ̀ ni Ṣìkẹ́mi, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti bá a lọ́jọ́ kejì. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Ṣìkẹ́mi, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama. Ó rí i pé ìyá ọkọ òun ń bó obì láì wo ohun tó ń bó.

"Mọ́mì, kí ló dé?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, ìyàwó mi. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Tí ilé yìí bá lọ, òwò mi parí nìyẹn. Ibo ni mo máa kó obì sí? Yàrá tí oòrùn ń gbóná sí? Ọ̀sẹ̀ kan, kòkòrò á ti jẹ ẹ́ tán." Omi lé ròrò lójú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Ó wá sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

Ṣìkẹ́mi gbọ́ ọ dópin, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ohun tí ẹ máa ń ṣe sí oko obì yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣe é sí iléeṣẹ́ o! Wọ́n á mú èrè ọdún mẹ́wàá, wọ́n á sọ ti ọdún kọ̀ọ̀kan di owó òní, torí owó àtijọ́ àti owó òní kì í ṣe ẹgbẹ́. Wọ́n á wá pín in sí mẹ́wàá. Ìdá kan yẹn ni wọ́n á gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n ń tà á."

"Ta ló kọ́ wọn?"

"Inú ìwé ló wà, Mọ́mì."

"Ìwé yẹn gbọ́n," Alhaja ní, ó sì fa ẹní sún mọ́ ọn.

Ṣìkẹ́mi wá ìròyìn ọdọọdún iléeṣẹ́ náà jáde lórí fóònù. Wọ́n ń to obì sórí ẹní, ẹyọ kan fún náírà kan. Ti ọdún tó kọjá, ọgbọ̀n. Ọdún wo ni ọdún náà? Ọdún tí ogun ilẹ̀ òkèèrè mú kí epo wọ́n, tí náírà wa sì já wálẹ̀ gbì, tí dọ́là kékeré tí wọ́n pa di òkìtì náírà. "Ọdún tí orí igi dàrú nìyẹn," Alhaja ní. Wọ́n lọ sí ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Náírà méjì ni wọ́n jẹ lérè lọ́dún náà, Ṣìkẹ́mi sì ń na ọwọ́ láti to obì méjì péré, Alhaja gbá a lọ́wọ́.

"Dúró ná. Èló ni àpò ìrẹsì nígbà yẹn?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá."

"Èló ni lónìí?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin."

"Ìlọ́po mẹ́jọ. Náírà méjì ìgbà yẹn, mẹ́rìndínlógún òní ni. To mẹ́rìndínlógún. A ò ní rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ì báà jẹ́ olówó epo."

Wọ́n to ó, obì di mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó kan ọdún Kòrónà, ọdún tí kò sẹ́ni tó ń ra epo. Òfò náírà mẹ́rin ni wọ́n ṣe, àpò ìrẹsì ti wọ́n ní ìlọ́po mẹ́ta láti ìgbà náà, wọ́n bá kó obì méjìlá kúrò nílẹ̀. Àwọn ọdún méje tó kù, èrè díẹ̀ níhìn-ín, òfò lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ fi mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kún un. Obì tó wà lórí ẹní wá jẹ́ ọgọ́ta géérégé. Wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, ó kan mẹ́fà mẹ́fà.

"Náírà mẹ́fà lọ́dún," Ṣìkẹ́mi ní, "lórí ohun tí wọ́n ń tà ní àádọ́rùn-ún. Kì í ṣe ọdún mẹ́ta o. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni."

Alhaja Sàdíátù la ẹnu. "Kí n jókòó de epo títí mo máa fi di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin?"

"Kì í ṣe pé iléeṣẹ́ náà burú, Mọ́mì. Ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀fẹ́ tí Alága ń pariwo rẹ̀. Owó tí ẹ sì fẹ́ san lóṣù kẹta, kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá."

Alhaja kó obì mẹ́fà sínú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀. Ó ní òun á mú un lọ sípàdé, àmọ́ ta ni yóò gbọ́? Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́wàá ti di èèwọ̀.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Alága fẹ́ kówó jáde ní báńkì, ṣùgbọ́n owó ò lè jáde láìjẹ́ pé akápò fọwọ́ sí i. Hàmdálátù ni akápò, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nípàdé oṣù kejì, Alága gbé ìwé báńkì sí i níwájú, ó fún un ní bírò. Ó fún un ní bírò o, ẹ fojú inú wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ká a lára tó!

Hàmdálátù gba bírò, kò kọ nǹkan kan. "Alága," ó ní, "mi ò kọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà àwọn ìyá wa, táwọn olóbì bá fẹ́ dáwó ra oko pọ̀, ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá ló máa ń kọ́kọ́ sọ owó tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mú ọ̀rọ̀ epo wá. Ẹ sọ tiyín sílẹ̀ níṣojú wa, màá fọwọ́ sí i kí ojú tó ṣẹ́."

Gbogbo ilé ní òótọ́ ni, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Alága wo ọ̀tún, ó wo òsì. Owó ọwọ́ rẹ̀ ti tán sórí kàlẹ́ńdà ọdún tuntun tó ya àwòrán ara rẹ̀ sí, oṣù méjìlá, àwòrán méjìlá. Ṣùgbọ́n irú wọn kì í gbà pé àwọn ò ní.

"Èmi?" ó ní. "Èmi Afọláyan? Èmi ò ní sọ owó kékeré sílẹ̀! Mò ń ta oko obì tí baba mi fi sílẹ̀ fún mi. Oko tí gbogbo Rẹ́mọ mọ̀! Mílíọ̀nù ọgbọ̀n! Gbogbo rẹ̀ pátá ni màá kó sínú Ìmọ́lẹ̀ Òkun. Ẹni tó bá ní àyà, kó dìde kó rà á!"

Ó dúró de ìgbà tí wọ́n á bẹ̀ ẹ́ pé kó má tà á. Alhaja Sàdíátù ló dìde.

"Alága, èmi á rà á. Agbọ̀n mélòó lẹ ká níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá?"

Táyé ló fèsì, ìfẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló ń dà á láàmú, ó ti ṣí ìwé àwọn tó kó obì wọlé. "Agbọ̀n márùn-ún ni Alága Gíga kó wá lọ́dún tó kọjá!" ó kà á sókè ketekete.

"Agbọ̀n kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba," Alhaja ní. "Márùn-ún jẹ́ mílíọ̀nù kan. Ìgbà mẹ́ta rẹ̀, mílíọ̀nù mẹ́ta. Alága, mo ti gba oko o. Kí n fi fóònù fi owó náà ránṣẹ́ báyìí?"

"Mílíọ̀nù kí ni?"

"Mẹ́ta. Òfin Afọláyan ni mo tẹ̀ lé."

Ojú Alága yí padà. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. "Mílíọ̀nù mẹ́ta fún oko baba mi? Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé orí yín pé? Òjò ló gbọn òdòdó igi dànù lọ́dún tó kọjá! Ọdún tó ṣáájú rẹ̀, agbọ̀n méjìlélógójì ni mo ká! Èyí tó ṣáájú ìyẹn, agbọ̀n mẹ́tàlélógún! Ta ló ń fi ọdún kan ṣoṣo díwọ̀n oko? Ẹ wo ọdún mẹ́wàá! Ọdún mẹ́wàá! Wèrè nìkan ló ń fi ọdún kan díwọ̀n nǹkan!"

"Wèrè nìkan o!" Táyé gbè é.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ rí ojú ọkùnrin náà bí mo ṣe ń rí i báyìí, bó ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó mu ẹ̀kọ gbígbóná tí kò lè gbé e mì, tí kò sì lè tu ú. Ẹnì kan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, imú ló kọ́kọ́ gbà jáde. Ẹ̀rín bá tú. Àwọn ìyá ń gbá ara wọn lẹ́yìn, bàbá kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Alhaja Sàdíátù dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀. Ó tú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, ó to obì mẹ́fà sórí tábìlì níwájú Alága. "Ẹ ti sọ ọ́, Alága, ẹ sì sọ òótọ́. A ti wo epo yín ní ọdún mẹ́wàá, a sọ ọ́ di owó òní. Mẹ́fà rèé lọ́dún, lórí àádọ́rùn-ún. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ilé tí a fẹ́ rà, ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ń retí owó rẹ̀. Mi ò ní ibòmíràn tí mo lè kó obì lọ. Ta ló ní ibòmíràn nínú yín?"

Kò sẹ́ni tó ní.

Alága wá fa idà tó gbẹ́kẹ̀ lé jù yọ. Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún yín: tí ọ̀rọ̀ bá ti há ọkùnrin yìí, ó máa ń ní òun fi ipò sílẹ̀. Ìgbà kọkànlá rèé. Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin á kúnlẹ̀, á kọ̀ lẹ́ẹ̀kíní, á kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta á ní torí Ọlọ́run lòun ṣe gbà.

"Mo fi ipò alága sílẹ̀!" ó ní, ó sì gbé àgbọ̀n sókè, ó di ojú.

Ó ń retí ìró orúnkún nílẹ̀. Ìró tó gbọ́ ni ìró obì. Ẹnì kan ti ń jẹ ẹ́, wọ́wọ́wọ́, ẹlòmíràn sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó la ojú kan. Ó rí Táyé, ó ń kọ̀wé.

"Kí lò ń kọ?"

"Ìfipòsílẹ̀ yín, sà," Táyé ní. "Ṣé kí n fi ọjọ́ òní sí i?"

Wọ́n fi ọjọ́ òní sí i. Hàmdálátù ni wọ́n fi ṣe alága kí wọ́n tó túká, ó sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ kó pákó méjì yẹn kúrò lábẹ́ àga. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, wọ́n san mílíọ̀nù méjìdínláàádọ́ta fún ẹbí Ìjokù, wọ́n gba ìwé. Alhaja Sàdíátù sunkún nígbà tí wọ́n fi ìwé náà hàn án, kò sì nu omi ojú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kó tó di oṣù keje, epo ti pọ̀ lọ́jà àgbáyé, èrè iléeṣẹ́ Ìmọ́lẹ̀ Òkun fún ọdún náà ti ń lọ sílẹ̀, ìpín tí wọ́n ń tà ní àádọ́rùn-ún sì di mọ́kànlélógójì. Alhaja ò yọ̀ nígbà tí Ṣìkẹ́mi sọ ọ́ fún un. Ó ní igi tó sinmi á tún so, ẹni tí kò ní nílò owó rẹ̀ kíákíá lè lọ rà á.

Oko Fàrúkù Afọláyan náà sinmi tán. Lọ́dún yẹn ó so débi pé ẹ̀ka ń kan ilẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró síwájú ilé obì, agbọ̀n méjìdínlógójì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀ lóun nìkan. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò wọlé. Alhaja Sàdíátù ń bó obì lọ́wọ́ nínú ilé.

"Alhaja," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ kúu, Alhaji. Ẹ kú ìkórè."

Ó wo òrùlé, ó wo ògiri nínípọn náà. "Ká ní ẹ gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn," ó ní, "ibo ni mi ò bá kó ìwọ̀nyí sí?"

Alhaja gbé obì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ sún agbọ̀n tirẹ̀ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó tẹ́ ewé tútù sílẹ̀ ní igun tó ṣí sílẹ̀ náà. "Ẹ gbé e wọlé, oòrùn ti ń pa á."

Ọkùnrin náà padà sídìí ọkọ̀. Ó yọ fìlà rẹ̀, ó ká a sórí ṣe òṣùká, ó sì gbé agbọ̀n àkọ́kọ́ rù fúnra rẹ̀.